Kí Ló Ṣe Spectacular Bid ní Belmont?

Ìgbà 30 ni wọ́n fa Spectacular Bid jáde lọ sá eré ìje láyé rẹ̀, ìgbà 26 ló sì gbégbá orókè. Nínú mẹ́rin tó ṣẹ́kù, méjì bọ́ sí ìgbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì tí ayé kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn lé wọn lórí. Ẹ̀kẹta, ẹṣin kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ṣáájú tirẹ̀ ló nà án. Ọ̀kan tó kù ló di ìjà tí kò tán. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1979, ní pápá Belmont ní New York, ẹṣin tí gbogbo Amẹ́ríkà ti gbà pé kò ní í ṣàì borí ṣe ipò kẹta. Lẹ́yìn eré ni olùkọ́ rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé pínnì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń de báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ti gún un ní pátákò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní irọ́ gbuu ni, pé ẹni tó ṣubú ló ń wá ohun tí yóò dì mọ́. Àwọn kan ní ọmọ tó gùn ún ni kò mọ̀ ọ́n gùn, àwọn mìíràn sì ní ẹ jẹ́ ká fi pínnì àti agẹṣin sílẹ̀, jíjìn eré náà ló ju agbára ẹṣin lọ. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti gbogbo wọn. Ẹ̀rí tó lè dá ẹjọ́ yìí kò sí nínú pátákò, kò sì sí lẹ́nu olùkọ́ ẹṣin. Inú eré mìíràn ló wà, tí wọ́n sá ní Belmont kan náà, ní jíjìn kan náà, ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà mọ́ ìjákulẹ̀ Spectacular Bid. Ibi tó ti tún pàdánù yẹn gan-an la ti lè mọ ohun tí ìpàdánù àkọ́kọ́ jẹ́.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń lé lọ́jọ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, eré mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹṣin ọmọ ọdún mẹ́ta: Kentucky Derby ní ìlú Louisville, Preakness ní Baltimore, àti Belmont. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Derby jẹ́ máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, Preakness kúrú jù ú lọ díẹ̀, Belmont sì jẹ́ máìlì kan ààbọ̀, jíjìn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà kò sá rí, tí wọn kò sì ní í sá mọ́ láé. Ẹṣin tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń sọ pé ó gba Adé Mẹ́ta. Lẹ́yìn tí Citation gbà á ní 1948, ọdún 25 kọjá kí Secretariat tó tún gbà á ní 1973. Àmọ́ lẹ́yìn náà, Seattle Slew gbà á ní 1977, Affirmed gbà á ní 1978, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ni. Inú èrò yìí ni Spectacular Bid bọ́ sí. Ojú tí wọ́n fi ń wo adé náà nígbà yẹn kọ́ ni ojú tí a fi ń wò ó lónìí. Lónìí a mọ̀ pé lẹ́yìn Affirmed, títí di ọdún 2015 tí American Pharoah dé, ẹṣin kankan kò tún rí adé náà gbà. Àwọn tó jókòó ní Belmont ní 1979 kò mọ èyí. Lójú wọn, ẹṣin tí kò bá gbà á ti jẹ́ ẹṣin tó kùnà ohun tí ẹlòmíràn ṣe lánàá.

Spectacular Bid kì í ṣe ọmọ olówó. Ní 1977, ní ọjà ẹṣin Keeneland ní ìpínlẹ̀ Kentucky, dọ́là 37,000 ni Harry Meyerhoff àti ìdílé rẹ̀ láti Maryland fi rà á, owó tí kò tó nǹkan fún ẹṣin tí Bold Ruler, bàbá Secretariat, jẹ́ bàbá àgbà fún. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti eérú, ó dúdú díẹ̀ lọ́mọdé. Wọ́n fà á lé Grover Delp lọ́wọ́, ẹni tí gbogbo ará pápá ń pè ní Bud. Delp kì í ṣe ará àwọn ilé ńlá tó ń kọ́ ẹṣin àwọn ọlọ́lá. Maryland ló ti fi àwọn ẹṣin olówó pọ́ọ́kú ṣe orúkọ, níbi tí ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ti lè ra ẹṣin lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ eré gan-an. Nígbà tí ẹṣin gidi bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fọ́nnu. Ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu, irú èyí kò tíì sí. Ó wí i ṣáájú Derby, ó wí i lẹ́yìn Derby, ó sì dà bíi pé ẹṣin náà ń fọwọ́ sí i: ó fi gígùn ẹṣin méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gba Derby, ó fi márùn-ún ààbọ̀ gba Preakness, ìyẹn sì jẹ́ kó di eré 12 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn tí kò sí ẹni tó nà án. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mẹ́nu kan ìfọ́nnu yìí nítorí pé òun gan-an ló fa àìgbàgbọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ti ń pariwo fún oṣù mẹ́fà, tó wá dédé mú pínnì jáde lẹ́yìn tí wọ́n nà án, kò sí bí kò ṣe ní í dà bí ẹni tó ń wá àwáwí. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ìwà olùkọ́, ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ ẹṣin.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti rò. Ẹni tó bá fi dọ́là 10 ta tẹ́tẹ́ lé Spectacular Bid lọ́jọ́ náà, dọ́là 3 péré ni ìbá jẹ lérè. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánilójú àwọn ènìyàn ṣe pọ̀ tó. Ẹṣin kan tí kò sẹ́ni tó kà á sí, Gallant Best, tí wọ́n ta tẹ́tẹ́ rẹ̀ ní 85 sí 1, ló bú jáde síwájú. Ronnie Franklin, ọmọ ọdún 19 tó wà lórí Spectacular Bid, kò fi í sílẹ̀ kó sá eré tiẹ̀ lọ kí ó rẹ̀ ẹ́. Ó lé e. Nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn, ẹṣin rẹ̀ ti gba iwájú. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà ìkẹyìn tí pápá wá na tààrà lọ sí òpin, agbára ti tán. Coastal kọjá lára rẹ̀. Ruben Hernandez ló gùn ún, àwọn tó ni ín sì ti san dọ́là 20,000 kó tó lè wọlé nítorí pé wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò. Ó fi gígùn ẹṣin mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin borí. Golden Act, tí Spectacular Bid ti nà ní Derby àti ní Preakness, tún fi ìwọ̀n ọrùn gba ipò kejì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nípa ti pínnì, ìtàn tí Delp sọ ni pé ó já bọ́ kúrò lára báńdéèjì nínú yàrá ẹṣin, tí ẹṣin náà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó fi wọ̀ ọ́ ní pátákò ẹsẹ̀ iwájú òsì. Wọ́n yọ ọ́. Ẹṣin náà tiro díẹ̀, ó sì dẹ́kun. Delp pinnu pé yóò sáré. Àtakò àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń mú wá ni pé kò sẹ́ni tó rí i kó tiro lójú pápá, pé ẹṣin tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í lé ẹṣin mìíràn bá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí pátákò ṣe rí kò ní í gbé ọkàn lé ẹ̀rí yìí. Ìta pátákò le bí ìwo, kò sì mọ ìrora. Ẹran tó ní ìmọ̀lára wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tó tín-ín-rín bá gún un, ihò náà máa ń pa dé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ìdọ̀tí á sì wà nínú. Bí ọyún bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbárajọ, kò síbi tó lè wú sí, nítorí pé pátákò kì í fẹ̀. Nígbà yẹn ni ẹṣin ò ní í lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó farapa kí ó tó hàn. Nítorí náà, kí ẹṣin máa rìn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ tí nǹkan gún un kò ta ko ìtàn náà rárá. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: láàárín àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, pátákò náà kẹ̀, Alex Harthill, dókítà ẹranko tó lórúkọ ní Kentucky, sì ní láti lu ihò sí i kí ọyún lè ṣàn jáde.

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ: kí ló dé tí Delp kò sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Mi ò ní í gbèjà rẹ̀ lórí èyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi owó wọn lé ẹṣin kan tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ pé irin ti wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, òun kò sì la ẹnu. Adé ló wà lójú rẹ̀, ó sì fi orí ẹṣin náà ta tẹ́tẹ́ bí àwọn tó kù ṣe ta tiwọn, àfi pé òun nìkan ló mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dákẹ́ kò sọ ohun tó dákẹ́ lé lórí di irọ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ẹṣin náà kò fi sáré lẹ́yìn Belmont. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n sá Travers ní Saratoga, eré ńlá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, tí General Assembly fi gígùn ẹṣin 15 gbà. Ẹni tó fẹ́ parọ́ lè parọ́ fún ọjọ́ kan. Ó ṣòro kí ó ti ìdí irọ́ so ẹṣin tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Síbẹ̀ ibi tí mo gbà dé náà nìyẹn. Pé pínnì wà, mo gbà. Pé òun ló jẹ́ kí wọ́n na ẹṣin náà, kò sí ohun èlò tó lè wọn ìrora ẹṣin ní agogo tí wọ́n ń sáré, ẹni tó bá sì fi gbogbo ẹjọ́ lé orí rẹ̀ ń kọ́lé sórí ohun tí kò rí.

Ìdí mìíràn wà tí kò fi yẹ ká fi pínnì nìkan dájọ́. Ó ti di àṣà nínú eré ẹṣin ní Amẹ́ríkà pé ẹṣin ńlá kì í pàdánù láìsí ìtàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n na Man o' War láyé rẹ̀, ní Saratoga ní 1919, ìtàn tó sì wà títí di òní ni pé kò dojú kọ ọ̀nà nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n na Native Dancer, ní Derby ọdún 1953, wọ́n sì ní wọ́n kọ lù ú ní kọ́nà àkọ́kọ́. Ní Belmont fúnra rẹ̀, pátákò ni ìtàn máa ń bọ̀ wá bá. Ní 2008, gbogbo ayé ti mọ̀ kí eré tó dé pé pátákò iwájú òsì Big Brown ti là, ó sì parí sẹ́yìn gbogbo wọn. Ní 2014, bí wọ́n ṣe jáde ni ẹṣin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ California Chrome tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀ nígbà tó dé òpin. Ẹṣin yẹn kò dákẹ́ síbẹ̀, ó lọ gba ìfe ńlá ní Dubai ní 2016. Òtítọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ìtàn wọ̀nyí. Ìṣòro wọn ni pé gbogbo wọn ló wúlò bákan náà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ ní àbùkù, olóòótọ́ wọn àti èké wọn. Ohun tó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni ohun tí ẹṣin ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sàn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ Franklin. Ọdún tó ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin ní eré ìje, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agẹṣin tó pegedé jù nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ilé Delp ló ń gbé. Ní Florida Derby lóṣù díẹ̀ ṣáájú Belmont, ó gun ẹṣin náà ní ìgùnkúgùn débi pé Delp bú u lójú gbogbo ayé. Síbẹ̀ Spectacular Bid borí. Ní ọ̀sẹ̀ Belmont gan-an, òun àti Angel Cordero, ọ̀gá tí iṣẹ́ náà ti yé jù ú lọ fíìfíì, wọ̀yá ìjà nínú yàrá àwọn agẹṣin. Ọkàn ọmọ náà kò lè balẹ̀. Àwọn tó ń dá a láre máa ń ní ṣebí ẹṣin náà borí pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ní Florida, kí ló dé tí àṣìṣe wá di ẹ̀ṣẹ̀ ní New York? Jíjìn ló fa ìyàtọ̀. Ohun tí ẹṣin bá ná ní ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́, kò ní í rí i ná mọ́ ní ìdajì kejì. Ní máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ẹṣin tó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lè fi agbára ṣòfò kó sì tún ní èyí tó ṣẹ́kù. Ní máìlì kan ààbọ̀, ìdájì ìṣẹ́jú tí a bá fi lé ẹṣin tí yóò dá dúró fúnra rẹ̀ máa ń di gbèsè, wọ́n á sì gba gbèsè náà níwájú àwọn tó jókòó. Mo gbà pé ọmọ náà gun eré yẹn burúkú. Mi ò gbà pé ìyẹn parí ọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn kan á ní ẹṣin tó bá ní èémí tó tó, kò sí eré tí a lè gùn fún un tí yóò fi gígùn ẹṣin mẹ́ta wà lẹ́yìn Coastal.

Àwọn wọ̀nyí ló ní ẹjọ́ tó lágbára jù. Wọ́n ní ẹ wo ìdílé rẹ̀: ìdílé Bold Ruler jẹ́ ìdílé eré kíkankíkan, kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn. (Bí ẹnìkan bá rán wọn létí pé ìdílé yẹn náà ló bí Secretariat, tó fi gígùn ẹṣin 31 gba Belmont, wọ́n á ní ìyá ẹṣin náà ló fún un ní èémí.) Wọ́n ní kò fìgbà kan borí ní máìlì kan ààbọ̀ láyé rẹ̀, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ló sá jíjìn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló pàdánù. Ibi tí wọ́n ti ka ẹ̀ẹ̀kejì yìí mọ́ ẹ̀rí tiwọn ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, Spectacular Bid padà sí pápá ní Delaware, ó sì fi gígùn ẹṣin 17 na àwọn tó bá a sáré. Bill Shoemaker, ẹni ọdún 48 tó ti borí ní eré tó lé ní 7,000, ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Franklin. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ní Marlboro Cup ní Belmont, ó fi gígùn márùn-ún na General Assembly tó fi 15 gba Travers, Coastal sì wà ní ipò kẹta. Eré yẹn kò jìn, nítorí náà kò dá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ èémí lóhùn. Jockey Club Gold Cup ló dá wọn lóhùn, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá: Belmont ni, máìlì kan ààbọ̀ ni. Affirmed, tó ti gba Adé Mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin, ló gba ipò kìíní. Spectacular Bid ṣe ipò kejì, kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn ẹṣin kan lọ tó fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Coastal ló ṣe ìkẹta. Àwọn ènìyàn ka ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní ó tún pàdánù. Ìlà kẹta ló yẹ kí wọ́n kà. Ẹṣin kan náà, pápá kan náà, jíjìn kan náà: ní oṣù kẹfà Coastal fi ohun tó lé ní gígùn mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ẹ̀yìn rẹ̀ ni Coastal wà. Bó bá jẹ́ pé máìlì kan ààbọ̀ ló pa Spectacular Bid ní oṣù kẹfà, kí ló dé tí kò tún pa á ní oṣù kẹwàá, níwájú ẹni kan náà tó jàǹfààní rẹ̀? Ìdílé rẹ̀ kò yí padà láàárín oṣù mẹ́rin. Ohun tó yí padà ni pátákò àti ẹni tó wà lórí gàárì.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀rí mi gé kúrú níbi kan: ohun méjì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà mi ò lè sọ èyí tó jẹ́ okùnfà, pínnì tàbí ọmọ náà. Òótọ́ ni, mi ò sì gbìyànjú láti sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Delp tàbí Franklin là ń dá lẹ́jọ́, ìyàtọ̀ yẹn á ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí ẹ̀bi ọ̀kan ni ìdáláre èkejì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìjà náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Maryland, níbi tí àwọn méjèèjì ti ní ará àti ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin là ń bi léèrè agbára rẹ̀. Nínú ohun méjì tó yí padà yìí, kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní Coastal ló ti rẹ̀ nígbà yẹn, pé ó ti sá eré jù. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ eré oṣù kẹwàá yá ju ti oṣù kẹfà lọ: Affirmed sá a ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 27 àti ìdá méjì nínú márùn-ún, nígbà tí Coastal ti sá Belmont ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 28 àti ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Spectacular Bid, tí kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ lẹ́yìn Affirmed, ìbá ti kọjá òpó òpin ṣáájú Coastal ti oṣù kẹfà.

Ohun tí eré oṣù kẹwàá kò jẹ́ kí n sọ ni pé Spectacular Bid ju Affirmed lọ. Pọ́ùn 126 ni Affirmed gbé, Spectacular Bid sì gbé 121, ìfúyẹ́ tí òfin fún ọjọ́ orí rẹ̀. Laffit Pincay tó wà lórí Affirmed gba iwájú, ó sì jẹ́ kí eré náà falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Spectacular Bid dìde sí i léraléra, Affirmed kò sì gbà fún un. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń ní ká ló rí eré tó yá bá pàdé ni. Èmi rò pé kí wọ́n fi ẹṣin náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tó dàgbà jù ú lọ, tó mọ ọgbọ́n ìjà, nà án láìlábòsí, kò sì sí pínnì níbẹ̀.

Ọdún 1980 ni ẹ̀rí tó kù, mo sì fi í sẹ́yìn nítorí pé ó rọrùn jù láti fi í bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Eré mẹ́sàn-án ló sá lọ́dún náà, ó sì gba mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, ní Santa Anita ní California, ó sá máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57 àti ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ó sì ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹṣin kankan kò sá jíjìn náà lórí iyẹ̀pẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń ní ilẹ̀ California le, ó sì ń yára. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹṣin tó sá níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n ẹrù ló wú mi lórí ju agogo lọ. Nínú àwọn eré kan, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní pápá ni láti fi òjé kún gàárì ẹṣin tó bá lágbára jù, kí gbogbo wọn lè dé òpin pọ̀. Kò nífẹ̀ẹ́ ẹṣin kan ju èkejì lọ, kò sì ní ìtàn kankan láti tà. Ìwọ̀n tó bá kọ sílẹ̀ ni èrò rẹ̀. Pọ́ùn 130 ni wọ́n kọ fún Spectacular Bid, nígbà mìíràn 132, nǹkan bíi kílò 60, wọn kò sì rí èyí tó mú un dúró. Àwọn tó sọ pé àwọn ẹṣin tó ń nà kò tó nǹkan gbàgbé Flying Paster, tó gba Santa Anita Derby lọ́dún 1979, tó sì máa jẹ́ ọ̀gá ní Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà bí kì í bá ṣe ti ẹṣin kan yìí. Nígbà tó di Woodward ní Belmont lóṣù kẹsàn-án, gbogbo àwọn tí wọ́n ń retí ti yọ orúkọ wọn, ọ̀kan nítorí ẹsẹ̀, àwọn yòókù nítorí pé kò sí ìdí tí wọn ó fi wá. Òun nìkan ló yí pápá náà ká, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ní eré ńlá ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1949. Àwọn tó ni ẹṣin kì í kọ àpilẹ̀kọ nípa èrò wọn. Owó wọn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ náà wọ́n sì jẹ́ kí owó wọn jókòó sílé.

Gbogbo èyí wáyé ní máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí èyí tó kéré sí i. Ẹni tó bá ní kò fi hàn rí pé òun ni ọ̀gá ní máìlì kan ààbọ̀ kò parọ́, ọdún 1980 kò sì dá a lóhùn. Eré kan ló kù tí ìbá dá a lóhùn, Jockey Club Gold Cup ti ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, ní jíjìn tí Affirmed ti nà án. Affirmed ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ Spectacular Bid wà nínú ìwé, àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n tó sáré ni Delp sì yọ ọ́ kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Temperence Hill ló gba eré náà. Wọ́n pín ìní lórí Spectacular Bid ní dọ́là mílíọ̀nù 22, iye tí wọn kò tíì san lórí ẹṣin kankan nígbà náà, wọ́n sì mú un lọ sí oko Claiborne ní Kentucky láti máa bímọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ lẹ́sẹ̀.